Ẹ Má Ra Sọ́fúwíà Tuntun Kankan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo ní kẹ́míìsì méjì n'Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá mo ra kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń ka bákóòdù àti sọ́fúwíà tó ń ṣọ́ ọjà. Títí di òní mi ò rí èrè kankan nídìí ẹ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ ra sọ́fúwíà tó wọ́n ju èyí lọ. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Ẹ má ra nǹkan kan. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ọjà tiẹ̀ ló ń tà.

Ẹ̀rọ kì í mú èrè wá fúnra ẹ̀. Nígbà tí iná mọ̀nàmọ́ná dé Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kàn yọ ẹ́ńjìnnì tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ kúrò, wọ́n gbé mọ́tò iná sí ipò ẹ̀. Ọ̀pá irin gígùn tó ń yí lókè àjà ṣì wà níbẹ̀, bẹ́líìtì ṣì wà níbẹ̀. Ó di àwọn ọdún 1920 kí èrè gidi tó yọ, nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ní mọ́tò tiẹ̀, tí wọ́n sì tún ilé iṣẹ́ tò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Paul David, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ló rán wa létí ìtàn yìí lọ́dún 1990, torí Robert Solow, onímọ̀ ọrọ̀ ajé bíi tiẹ̀, ti sọ lọ́dún 1987 pé ibi gbogbo lòun ti ń rí kọ̀ǹpútà, àfi nínú ìṣirò iye iṣẹ́ tó ń jáde.

Mo jókòó sí kẹ́míìsì kan láìpẹ́ yìí. Oníbàárà ra páàkì parasitamọ́ọ̀lù méjì. Ọmọbìnrin tó ń tajà kọ ọ́ sínú ìwé, ó fún un ní ṣéńjì. Kọ̀ǹpútà wà níwájú ẹ̀, aṣọ àǹkárá ni wọ́n fi bò ó nítorí eruku. Aago mẹ́jọ alẹ́ ló tó ṣí i, tó wá ń tẹ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ kan ti di méjì! Páswọ́ọ̀dù kan náà ni gbogbo wọn ń lò, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Tí ọ̀gá bá sì fẹ́ ra ọjà, pẹpẹ ló ń wò.

Ṣé tiyín ò rí bẹ́ẹ̀? Mi ò tíì rí ìwé ìṣirò yín, nítorí náà mi ò lè ṣèlérí. Àmọ́ ẹ ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sunday kan, ẹ ka gbogbo òògùn tó wà nílẹ̀, kí iye tó wà lórí pẹpẹ bá ti inú ẹ̀rọ mu. Ẹ fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní páswọ́ọ̀dù tiẹ̀. Ẹ kó ìwé yẹn kúrò lórí káńtà. (Iná á lọ, mo mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ ra inverter kékeré.) Láràárọ̀ Monday, kí ẹ̀rọ yọ òògùn tí ọjọ́ ìlò ẹ̀ ti ń sún mọ́lé fún yín, kẹ́ ẹ tètè tà á, torí èyí tẹ́ ẹ bá dà nù, owó yín lẹ dà nù. Tó bá sì ní òògùn ibà ṣì pọ̀ nílẹ̀, ẹ má rà sí i, bó ti wù kí ẹni tó gbé e wá pọ́n yín lé tó.

Ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́fà. Tí òògùn tẹ́ ẹ̀ ń dà nù ò bá dín kù, nígbà náà ni kẹ́ ẹ wá bi mí léèrè sọ́fúwíà.