Ṣé Ó Yẹ Kí Agbọ́tí Máa Mutí Lẹ́nu Iṣẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ní ilé ọtí kékeré kan ní Igbógbó, ní agbègbè Ìkòròdú. Ọmọkùnrin tí mo gbà sídìí báà mọ iṣẹ́, ó sì lọ́yàyà, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n lè ra ìgò mẹ́ta fún un kí a tó tilẹ̀kùn ní alẹ́ Sátidé. Bí mo bá ní kó má mu ún, wọ́n á bínú. Bí mo bá sì dákẹ́, owó ọjà kì í pé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, ìyá wa. Èrò mi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí àbójútó ilé ọtí àti òtẹ́ẹ̀lì, ni pé kí agbọ́tí má fẹnu kan ọtí rárá láti ìgbà tí ó bá ti gba kọ́kọ́rọ́ títí di ìgbà tí ó bá ṣírò owó tán tí ó sì fi lé yín lọ́wọ́. N kò ka ọtí sí ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí a ń tà ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹni tí ó wà nílé ọtí lálẹ́, ó kéré tán ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí ojú rẹ̀ dá, iṣẹ́ ẹni náà gan-an ni ẹ sì gba ọmọ yìí sí.

Ìgò bíà ńlá, 60cl, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ní nǹkan bíi gíráàmù 24 ògidì ọtí nínú. Èyí tí ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láàárín wákàtí kan kò sábà ju gíráàmù 7 sí 10 lọ, nítorí náà ìgò kan ṣoṣo ń gbà tó wákàtí mẹ́ta. Bí ó bá mu méjì láàárín aago méje sí mẹ́jọ alẹ́, ọtí ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ka owó lóru. Sítáòtù tí agbára rẹ̀ jẹ́ 7.5 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọfí, omi tútù tí wọ́n ń bù sójú, epo pupa tí àwọn kan ń lá, kò sí èyí tí ó ń mú ẹ̀dọ̀ yára nínú wọn.

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà má jalè rárá kí owó má sì pé. Ẹni tí ó mu ìgò méjì kì í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ á ṣì dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Àmójútó ni ọtí kọ́kọ́ ń mú lọ. Oníbàárà á ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, á dáhùn, kò sì ní kọ ọ́. Wọ́n á fi tiransífà hàn án lórí fóònù tiwọn, á gbà láìdúró de alẹ́ẹ̀tì lórí tiyín. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń da jíìnì: bí ó bá ti pa ife ìwọ̀n tì, tí ó ń fojú wọn ọ́n, ìgò 75cl tí ó yẹ kí ó fún yín ní ife 25, ní 30ml ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ní ju 21 lọ bí ó bá ti ń dà á dé 35ml.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni pé òun ni ó yẹ kí ó sọ fún ẹni tí ó wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà wá, tí yóò sì gba ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù lóru, pé ọtí náà tó. Ẹni tí ń bá oníbàárà mu nínú ìgò rẹ̀ kò lẹ́nu láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹ̀bùn, kí ó má kọ̀ ọ́, nítorí ó dun èèyàn kí á da ọrẹ padà lójú rẹ̀. Kí ó gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ó má ṣí i, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé lọ́tọ̀, kí ó sì mú un lọ ilé lẹ́yìn tí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn. Bí owó rẹ̀ ló bá fẹ́, ẹ san án, kí ìgò náà sì padà sínú iye ọjà tí ẹ ó kà. Bí wọ́n bá fẹ́ kan ife, kí ó fi móòtì kàn án. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà, kí ó má dà bíi pé ọmọ náà ń gbéra ga. Ìgbà tí ó bá ń po ọtí pọ̀ nìkan ni ó lè tọ́ ọ wò: kí ó ti ìdí sítírọ́ọ̀ bọ inú ife, kí ó fi ìka dí orí rẹ̀, kí ó sì kán ẹ̀kán kan sórí ahọ́n. Èyí kò pa á lára.

Ẹ kọ òfin yìí sílẹ̀ kí ẹ sì jọ fọwọ́ sí i. Ẹ má kàn máa yọ owó tí kò pé nínú owó oṣù rẹ̀: abala 5 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òun ló mọ̀ọ́mọ̀ fà á tàbí kó jẹ́ àìbìkítà rẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mu nǹkan, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti òfin báà. Ẹ má ní kí ó já a sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí gìrì lè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìkòròdú, kí ó sọ iye tí ó ń mu fún dókítà láìfi ọ̀kan pamọ́.