Ẹ̀rọ Mẹ́ta Ń Ṣiṣẹ́ Dáadáa: Ṣé Ó Ti Tó Láti Ṣe Ẹgbẹ̀rún Kan?

Ìbéèrè: Mo ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn omi inú táǹkì, tó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù nípasẹ̀ Wi-Fi. Mẹ́ta tí mo fọwọ́ ara mi tò ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, oníbàárà kan sì ti béèrè fún 1,000. Ṣé mo lè fi fáìlì bọ́ọ̀dù rẹ̀ (pátákó tí a to àwọn èròjà iná sí) ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́ta yẹn fi hàn pé èrò yín ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò fi hàn pé ẹni tí kò mọ̀ yín rí lè to 1,000 tí gbogbo wọn yóò bára mu.

Àkójọ èròjà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe èròjà kọ̀ọ̀kan àti nọ́ńbà rẹ̀ ní kíkún, nítorí pé bí ẹ bá kàn kọ “kàpásítọ̀ 10 µF” (kàpásítọ̀ ni èròjà tó ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú, 10 µF sì ni ìwọ̀n rẹ̀), èyí tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni wọn yóò rà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kàpásítọ̀ seramiki kékeré máa ń pàdánù púpọ̀ nínú ìwọ̀n iná tó lè tọ́jú nígbà tí fóltéèjì bá wà lórí rẹ̀. Ẹ kọ èròjà mìíràn tí ẹ ti dán wò, tó lè rọ́pò rẹ̀ bí ó bá wọ́n lọ́jà.

Ìdánwò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn, òun gan-an ló sì yẹ kó gba àkókò yín jù. Bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún bá ní àbùkù, ogún ni yóò bàjẹ́ nínú 1,000, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí ẹyọ kan nínú mẹ́ta. Ẹ fi ojú ibi ìdánwò, ìyẹn ibi tí abẹ́rẹ́ ìdánwò yóò ti kan bọ́ọ̀dù, sórí rẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí ẹ sì ṣe pẹpẹ ìdánwò tó ní àwọn abẹ́rẹ́ onísípíríǹgì, èyí tí yóò wọn iná tí bọ́ọ̀dù ń fà, tí yóò kó sọ́fítíwià sínú rẹ̀, tí yóò fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí yóò sì dán Wi-Fi àti ohun tó ń wọn omi wò, kí òṣìṣẹ́ tó ń lò ó má baà ní láti ronú ju “ó yege” tàbí “kò yege” lọ.

Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ṣe àpótí rẹ̀, ẹ tún un yà fún mọ́ọ̀dù, ìyẹn irin tí a ń rọ ike yíyọ́ sínú rẹ̀ kí ó lè gba ìrísí àpótí: kí ògiri rẹ̀ nípọn dọ́gba, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dagun díẹ̀, ó kéré tán bíi dígírì kan, kí ó lè jáde nínú mọ́ọ̀dù.

Ní ti ìwé àṣẹ, móódù Wi-Fi (ẹ̀yà kékeré tó ń so ẹ̀rọ mọ́ Wi-Fi) tó ti ní ìwé ẹ̀rí tẹ́lẹ̀ yóò dín ìnáwó kù, àmọ́ kò ní kí a má ṣe ìdánwò odindi ẹ̀rọ náà. Bí bátìrì lítíọ́mù bá wà nínú rẹ̀, ẹ gba àkọsílẹ̀ ìdánwò UN 38.3 (ìdánwò tó ń fi hàn pé bátìrì kò léwu láti kó rìnrìn àjò) lọ́wọ́ ẹni tó tà á kí ẹ tó kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfuurufú.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n ṣe bíi 50, pẹ̀lú èròjà, òṣìṣẹ́ àti pẹpẹ ìdánwò kan náà tí wọn yóò lò fún 1,000. Nígbà tí ẹ bá ti tún àwọn àṣìṣe tó yọjú ṣe, ẹ buwọ́ lu méjì nínú èyí tó pé pérépéré, kí ọ̀kan wà lọ́dọ̀ wọn, kí èkejì wà lọ́dọ̀ yín, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ó fi wé ọjà bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀.