Ṣé ewé gẹgẹmu ń wo ásímà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 14, ní ásímà. Aládùúgbò wa ní kí n máa se ewé gẹgẹmu fún un, pé ibẹ̀ ni oògùn tó ń fà sínú ti wá. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ṣadé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sè é o! Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: gẹgẹmu, tí àwọn Haúsá ń pè ní zakami, ní èròjà kan tó ń jẹ́ atropine nínú, ó sì máa ń dẹ iṣan tó fún ọ̀nà èémí pọ̀. Ní sẹ́ńtúrì 19, àwọn ará Yúróòpù ń fi irú ewé yìí ṣe sìgá fún ásímà. Ṣùgbọ́n agbára ewé kan kò bá ti èkejì dọ́gba. Ife kan lè má ṣe nǹkan kan. Èkejì á gbẹ ọmọ lẹ́nu, ojú á ṣú, àyà á máa sáré, á máa sọ ìsọkúsọ, ó sì lè kú.

Láti ara atropine ni wọ́n ti ṣe ipratropium, oògùn ásímà kan tí wọ́n ń fà sínú, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ. Ó ń tó ìṣẹ́jú 15 kó tó dẹ èémí, nítorí náà salbutamol, oògùn tí wọ́n ń fà sínú tó ń tètè dẹ èémí, ló yẹ kó kọ́kọ́ lò bí èémí bá há.

Kó mì ike oògùn náà dáadáa, kó mí jáde tán, kó pa ètè dé mọ́ ọn, kó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fà á wọlé díẹ̀díẹ̀, kó sì sé èémí fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Bó bá tẹ̀ ẹ́ kó tó fà á, orí ahọ́n ni oògùn máa kù sí. Bí kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán láìsinmi, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.