Ẹ má kó aṣọ lọ o

Ẹ̀gbọ́n tó ní ẹgbẹ́ àwọn ní Kubwa, l'Ábújá níbí, ti dáwó jọ, tó ń bèèrè ohun tí wọ́n máa rà fún àwọn ará ilé ní Ayétòrò, ìlú etí òkun ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ìjì àti òkun gba ilé lọ́wọ́ wọn, ẹ kú àdánwò o. Èmi kì í ṣe ará Ìlàjẹ, Lọ́kọ́jà lomi ti bá mi ní tèmi, oṣù kẹwàá 2022, ní Ganaja, kí n tó kó wá sí Lugbe l'Ábújá. Láàárọ̀ ó wà lọ́rùn ẹsẹ̀, a ń fi búlọ́ọ̀kù gbé fìríìjì sókè, a tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọjọ́ kẹta ó ti dé ojú wíńdò.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí, ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ wa sí ni. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wá bá wa ní súkúù tá a sá sí, wọ́n kọ orúkọ, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Lọ́sẹ̀ kejì àwọn mìíì dé, wọ́n ní ìwé àkọ́kọ́ ò sí lọ́wọ́ àwọn, ká tún tò. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ìgbà tí ìrẹsì jàjà dé, orúkọ ìyàwó mi wà níbẹ̀, tèmi ò sí, ti ẹnì kan tó ti kó lọ Òkènè tipẹ́tipẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀gá tó ń pín in ní kí n lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ mai-anguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, mai-anguwa témi àtiẹ̀ jọ ń sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní kíláàsì kan náà! Àwọn ọ̀mọ̀wé sì wà lórí rédíò tí wọ́n ń ṣàlàyé dáàmù Lagdo ti Kamẹrúùnù, tí omi ẹ̀ máa ń ṣàn wá sọ́dọ̀ wa tí wọ́n bá ṣí i, fún ẹni tí ò tíì jẹun.

Torí náà, káwọn ará Ayétòrò fúnra wọn kọ orúkọ, ilé kan sí ilé kejì, kí wọ́n sì kà á sókè níwájú gbogbo èèyàn.

Aṣọ, rárá. Wọ́n kó o wá fún wa jọ bí òkìtì, ewúrẹ́ ló ń sùn lórí ẹ̀. Apẹja ni wọ́n, àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè, ẹni tó bá ti padà sójú omi á ra gààrí fúnra ẹ̀.

Omi mímu ńkọ́? Kànga tiwa, a gbọ́n ọn gbẹ, a da chlorine tó ń pa kòkòrò sí i, ó tán. Tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀ o, iyọ̀ òkun tó bá wọ kànga, wọn ìbáà sè é títí, kò ní lọ. Ẹ ra táǹkì tí wọ́n á fi máa gbe òjò.

Ẹ má sì ru ẹrù láti Àbújá lásìkò ìkún omi. Lọ́dún 2022 yẹn ọ̀nà dí ní Koton Karfe, láàárín Lọ́kọ́jà sí Àbújá, tírélà epo há síbẹ̀, Àbújá gan-an ń tò sórí láìnì nílé epo. Ẹ fowó ránṣẹ́, kí wọ́n rà á ní Ìgbókòdá ní Ìlàjẹ lọ́hùn-ún, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń wọkọ̀ ojú omi.