Ta ló jàre nínú Civil War, Iron Man àbí Captain America?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè pé nínú Civil War, ìtàn inú ìwé aláwòrán (comics) tí Marvel gbé jáde ní 2006, ta ló jàre: Iron Man tó ní kí gbogbo akọni forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, àbí Captain America tó kọ̀?

Ẹ̀yìn Captain ni mo wà, àmọ́ Iron Man lẹ́jọ́ láti rò. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ akọni kan ń lé Nitro, ọ̀daràn tó lè sọ ara rẹ̀ di bọ́ǹbù, ó bú gbàmù ní Stamford, ìlú kan ní Amẹ́ríkà, nítòsí ilé ìwé, ó lé ní 600 ènìyàn tó kú. Ìyá ọmọ kan tutọ́ sójú Tony Stark, ìyẹn Iron Man, níbi ìsìn òkú. Kí lèèyàn fẹ́ sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀wọ̀n 42 ló gbé mi kúrò lẹ́yìn Stark. Akọni tó bá kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń tì í mọ́, nínú Negative Zone, ayé mìíràn tó yàtọ̀ sí tiwa, kò ní fojú ba ilé ẹjọ́. Spider-Man tó ti ṣí ìbòjú fún gbogbo ayé fojú ara rẹ̀ rí i, ló bá yà kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ọwọ́ Captain náà ò mọ́ o. Níbi tó ti ń lu Stark níkẹyìn, àwọn panápaná ló dì í mú kúrò lórí rẹ̀. Captain wo ìgboro tí wọ́n ti sọ di àlàpà, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ṣí ìbòjú, ó sì na ọwọ́ méjèèjì fún ọlọ́pàá. Ojú ìwé yẹn ṣì ń dùn mí.