Jẹjẹrẹ ọmú mú ìyá mi àti àbúrò wọn obìnrin. Òṣogbo ni mò ń gbé. Ṣé èmi ni kí n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò àjogúnbá?
Rárá, ìyá yín tàbí àbúrò wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é, bí wọ́n bá ṣì wà láyé. Bí wọ́n bá rí àbùkù jíìnì BRCA1 tàbí BRCA2 (àbùkù àjogúnbá tó ń mú kí ewu jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ sí i) lára wọn, ohun tí wọn yóò wá lára yín ti hàn nìyẹn. Láìsí èyí, bí wọn kò tilẹ̀ rí nǹkan kan lára yín, ọkàn ò lè balẹ̀ tán. Bí òbí bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan, lọ́kùnrin lóbìnrin, lè jogún rẹ̀ ní ìdá 50 nínú 100.

Ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ni wọ́n ń gbà. Ṣáájú, ẹ lọ bá dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kí ẹ sì to ìtàn ẹbí sílẹ̀: ta ni, jẹjẹrẹ wo, ọmọ ọdún mélòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹbí bàbá.