Kí ẹ tó yọ olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́ yín nípò alága

Ìbéèrè yín yé mi dáadáa. Ẹgbẹ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi yín ti lé ní ọdún 10, obìnrin tó dá a sílẹ̀ ló ṣì jẹ́ alága, ẹ ò dìbò rí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò sì fẹ́ sanwó mọ́. Ẹ̀yin mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀ wá fẹ́ yọ ọ́ nípàdé gbogboogbò tó ń bọ̀, ẹ sì ń béèrè bí ẹ ó ṣe to ẹ̀sùn rẹ̀ kalẹ̀ tí kò fi ní rí nǹkan sọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná. Èmi ni akọ̀wé nígbà tí ẹgbẹ́ tiwa ṣe irú rẹ̀. A borí nínú ìbò, ó sì ku díẹ̀ kí ẹgbẹ́ náà tú mọ́ wa lórí.

Mọ́mì là ń pe alága wa. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa bí a ṣe ń jókòó sílẹ̀ bá ọmọ ọdún méjì sọ̀rọ̀, kí ojú wa àti ojú ọmọ náà lè ṣe déédéé. Kò jí owó ẹgbẹ́ rí. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé òun nìkan ló ń pinnu ohun gbogbo: ẹni tí yóò ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́, iye tí a ó san, lẹ́tà tí ó ń lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Ohun tí a ò rò ni pé ọwọ́ rẹ̀ náà ni gbogbo ìwé wà. Òun ló ní orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́. Ìbuwọ́lù rẹ̀ nìkan ni báńkì mọ̀. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà nílé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a yọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sílé, kò sọ nǹkan kan.

Báńkì ní àwọn ò mọ̀ wá. Wọ́n ní ká mú mínítì wá, ká sì fi hàn pé ìpàdé náà bá òfin ẹgbẹ́ mu. Òfin tiwa sọ pé ìdajì àwọn tó ti sanwó gbọ́dọ̀ wà níjókòó kí a tó lè yọ ẹnikẹ́ni. Ìdajì èwo? A ò ní ìwé kankan tó fi ẹni tó sanwó hàn. Onílé-ìwé kan dìde, ó ní ìbò wa kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, òótọ́ ló sì sọ. Fún oṣù mẹ́jọ, owó ẹgbẹ́ wà ní báńkì, a ò rí i ná. Ẹ̀kọ́ tó kọ́kọ́ dúró ni èyí tí a fi ń kọ́ àwọn olùkọ́ tuntun bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ ọwọ́ tí nǹkan há lọ́fun là. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, ìwé orúkọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí obìnrin náà ṣì jẹ́ alága. Ẹ fi èèyàn méjì kún ìbuwọ́lù ní báńkì, kí ó jẹ́ pé méjì nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí owó kó tó jáde. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé. Ẹ má fi ọgbọ́n àrékérekè ṣe é; ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò wá ń bọ̀, èyí sì jù ọ̀rọ̀ alága lọ lójú mi. Nínú ẹgbẹ́ wa, onílé-ìwé ló ń san owó ẹgbẹ́ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Tí a bá ní kí wọ́n nawọ́ sókè, olùkọ́ á kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó ń san owó oṣù rẹ̀. Ìpàdé wa sì máa ń bọ́ sí aago 11 òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ta ni yóò fi àwọn ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ wá? Àwọn onílé-ìwé nìkan ló ń wá, àwọn náà ni wọ́n ń yàn.

NAEYC, ẹgbẹ́ àwọn tó ń tọ́jú tí wọ́n sì ń kọ́ ọmọ kékeré ní Amẹ́ríkà, fi í sínú ìlànà rẹ̀ pé kí ọmọ ọwọ́ tó wà lábẹ́ àgbàlagbà kan má ju 4 lọ. Èmi ni mo gbé e wá pé kí àwa náà gbà á. Nínú àwa méje tó wà nínú ìgbìmọ̀, mẹ́fà ló nílé-ìwé, àbá mi sì kú síbẹ̀. Wọn kì í ṣe èèyàn burúkú. Gbogbo wọn ni yóò gba òṣìṣẹ́ kún òṣìṣẹ́ tí a bá gbà á, kò sì sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ jáde. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà náà la tó kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tí ọ̀rọ̀ bá kan àpò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ sọ ọ́, yóò bọ́ síta nígbà ìbò, a ó sì kọ ọ́ sí mínítì. A sọ ìgbìmọ̀ di ẹni mẹ́sàn-án: ó kéré tán, mẹ́rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń dúró níwájú ọmọ lójoojúmọ́, onílé-ìwé kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ. Ìbò di bòńkẹ́lẹ́, ìpàdé di ìrọ̀lẹ́. Sáà kan jẹ́ ọdún 3, kò sẹ́ni tó lè ṣe ju méjì lọ, ẹni mẹ́ta ló sì ń kúrò lọ́dọọdún kí gbogbo ìmọ̀ má bàa jáde lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni irú èyí bá. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó gbé ọ̀nà ìkọ́mọ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè kalẹ̀, dá AMI, ẹgbẹ́ Montessori ti àgbáyé, sílẹ̀ ní 1929, ó sì wà lórí rẹ̀ títí ó fi kú ní 1952; Mario ọmọ rẹ̀ ló darí rẹ̀ lẹ́yìn náà títí di ikú tirẹ̀ ní 1982. Nígbà tí Nancy McCormick Rambusch dá ẹgbẹ́ Montessori ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1960, àríyànjiyàn lórí bí a ṣe ń kọ́ olùkọ́ àti bí ọ̀nà náà ṣe lè bá àṣà ibẹ̀ mu mú kí àwọn méjèèjì pínyà ní 1963. Àwọn méjèèjì ṣì wà títí dòní, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kékeré bíi tiyín kò lè pín sí méjì kó ṣì rí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ san.

Ní ti ẹ̀sùn tí ẹ fẹ́ kà, mi ò fara mọ́ ọn. Kí ẹni méjì lọ bá a nílé: ẹni tó dàgbà jù nínú yín, àti ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Ẹ má ṣèlérí oyè Ìyá Ẹgbẹ́ tó tún ní ìbò fún un, nítorí á kàn máa ṣe alága lọ lábẹ́ orúkọ mìíràn ni. Ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kọ́ àwọn olùkọ́ tuntun.

Èmi lọ bá Mọ́mì, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ ti kọjá. Ó wọ yàrá, ó gbé ìwé àkọsílẹ̀ méjì jáde. Orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló wà níbẹ̀, tó fọwọ́ kọ, ọdún tí oníkálukú wọlé àti owó tó san, kò sí ọdún kan tó fò. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi kó wọn fún wa látọjọ́ yìí.

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó bi mí."

Lọ́jọ́ kejì ó bá wa lọ sí báńkì.